Fọ́nẹ́sì Tí Kò Ju Agbára Wa Lọ: Yíyan Ẹ̀rọ Amúlémóoru Onígáàsì fún Ilé Wa ní Chicago

Ẹ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí èèyàn ṣe lè ra fọ́nẹ́sì onígáàsì láìjẹ gbèsè. Iṣẹ́ fọ́nẹ́sì ni mo ń ṣe jẹun ní ìlú yìí, ohun tí mo sì ń rí nínú béésímẹ́ǹtì àwọn èèyàn wa ló mú kí n gbà láti wá. Àwọn tó ń gba owó tó pọ̀ jù lọ́wọ́ wa kì í fi ipá gbà á. Àìmọ̀ wa ni wọ́n ń tà fún wa. Fọ́nẹ́sì tó dínwó ni èyí tó bá ìwọ̀n ilé mu, tí ẹni tó mọṣẹ́ gbé kalẹ̀, tí a sì rà nígbà tí ọkàn wa ṣì balẹ̀. Iye tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀ kéré lára ọ̀rọ̀ náà.

Ẹni tó bá dàgbà sí Ìbàdàn tàbí Òṣogbo mọ ọyẹ́. Ọyẹ́ a máa la ètè, a máa mú kí èèyàn wá aṣọ ìbora ní ìdájí, ṣùgbọ́n kì í ba ilé jẹ́. Òtútù Chicago ń ba ilé jẹ́. Ní ọjọ́ 20 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1985, ó lọ sí dígírì 27 lábẹ́ òdo lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit, òun ló sì burú jù nínú àkọsílẹ̀ ìlú yìí. Ní ọjọ́ 30 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2019, ó tún lọ sí dígírì 23 lábẹ́ òdo. Ọ̀pọ̀ nínú wa rántí ọjọ́ náà dáadáa. Bí fọ́nẹ́sì bá kú ní irú òru bẹ́ẹ̀, omi inú páìpù á dì, páìpù á bẹ́, nígbà tí yìnyín inú rẹ̀ bá sì yọ́, omi á máa dà láti àjà sórí àga àti bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀rù ìyẹn ló ń mú kí àwọn èèyàn wa buwọ́ lu ìwé tí wọn kò kà.

Ẹ jẹ́ ká ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀rọ náà wò. Tẹ́mọ́sítàtì ara ògiri ló ń pè é pé ilé ti tutù. Fáànù kékeré kan á kọ́kọ́ dún, á fa afẹ́fẹ́ gba inú ẹ̀rọ lọ sí páìpù èéfín, kó lè dájú pé ọ̀nà èéfín là. Lẹ́yìn náà, ohun pẹlẹbẹ kan tí kò ju ìka ọwọ́ lọ á pọ́n yòò. Gáàsì á ṣí, iná á ràn, àwọ̀ búlúù ló sì yẹ kó ní. Iná yìí kì í jó sínú yàrá. Inú àpò irin ló ti ń jó, àpò náà á gbóná, fáànù ńlá á sì máa fẹ́ afẹ́fẹ́ ilé kọjá lára rẹ̀ lọ sí gbogbo yàrá. Afẹ́fẹ́ méjì ló wà nínú fọ́nẹ́sì: èyí tó bá iná jó, tó ń bá èéfín jáde síta, àti èyí tí àwa àti àwọn ọmọ wa ń mí. Àwọn méjèèjì kò gbọdọ̀ pàdé láéláé.

Inú mi máa ń dùn láti sọ fún àwọn ọmọ wa pé obìnrin adúláwọ̀ wà nínú ìtàn ẹ̀rọ yìí. Alice H. Parker, ará Morristown ní ìpínlẹ̀ New Jersey, gba ìwé-ẹ̀rí lọ́wọ́ ìjọba Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 23 oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1919 fún fọ́nẹ́sì onígáàsì tí ó yàwòrán rẹ̀. Nọ́ńbà ìwé-ẹ̀rí náà ni 1,325,905. Ojú iná inú àwòrán rẹ̀ pọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ọ̀nà afẹ́fẹ́ tirẹ̀, kí èèyàn lè mú yàrá kan móoru láì dáná fún gbogbo ilé. Lásìkò tí ọ̀pọ̀ ilé ṣì ń fi èédú àti igi dáná, obìnrin yìí ti ń ronú bí ooru ṣe máa lọ síbi tí a ti nílò rẹ̀ nìkan.

Nígbà tí agbaṣẹ́ṣe bá wá sílé yín, nọ́ńbà àkọ́kọ́ tó máa fi hàn yín ni AFUE. Ẹ má jẹ́ kí ó dẹ́rù bà yín. Ìbéèrè tí AFUE ń dáhùn nìyí: nínú dọ́là 100 tí ẹ fi ra gáàsì láti ìbẹ̀rẹ̀ òtútù dé òpin rẹ̀, mélòó ló di ooru inú ilé? Fọ́nẹ́sì tí AFUE rẹ̀ jẹ́ 80 ń tú dọ́là 20 dà síta. Èyí tó jẹ́ 96 ń tú dọ́là 4 dà. Ohun tó fa ìyàtọ̀ ni pé onímẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún ní àpò irin kejì tó ń gba ooru lára èéfín títí omi inú èéfín náà fi ń sẹ̀ sílẹ̀. Ohun tó kù tutù débi pé páìpù oníke ni wọ́n fi ń gbé e gba ara ògiri jáde. Èéfín ọlọ́gọ́rin ṣì gbóná gan-an, páìpù onírin ló ń gbé e gba ṣímínì lọ sókè. Bí ẹ bá sọ̀kalẹ̀ lọ sí béésímẹ́ǹtì yín lálẹ́ òní, páìpù yẹn á sọ fún yín èyí tí ẹ ní.

Ṣé kí gbogbo èèyàn wá lọ ra 96? Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Therm ni ilé-iṣẹ́ gáàsì fi ń wọn gáàsì fún wa nínú bíìlì, therm kan sì jẹ́ BTU 100,000. Ẹ kó bíìlì ọdún kan jọ. Ẹ mú ti oṣù Agẹmọ, nígbà tí fọ́nẹ́sì kì í ṣiṣẹ́: gáàsì ìdáná àti ti omi gbígbóná nìkan ló wà nínú rẹ̀. Ẹ fi 12 sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ti ọdún. Èyí tó ṣẹ́kù ni fọ́nẹ́sì jẹ.

Ká ní èyí tó ṣẹ́kù jẹ́ therm 800, tí fọ́nẹ́sì ilé náà sì jẹ́ 80. Bí wọ́n bá fi 96 rọ́pò rẹ̀, nǹkan bíi therm 667 ló máa jó láti mú irú ooru kan náà wá. Therm 133 ló dín. Bí therm kan àti owó tí wọ́n fi ń gbé e wá sílé bá jẹ́ dọ́là 1.20, nǹkan bíi dọ́là 160 nìyẹn lọ́dún. Bí 96 bá fi dọ́là 1,500 wọ́n ju 80 lọ, ọdún mẹ́sàn-án ó lé díẹ̀ ló máa fi dá owó náà padà. Fọ́nẹ́sì tí a ń tọ́jú a máa lo ọdún 15 sí 20. Ó pé onílé Chicago.

Wàyí o, ẹ gbé ìṣirò kan náà lọ sí Houston, níbi tí àwọn ará wa pọ̀ sí. Ká ní therm 250 péré ni ilé ibẹ̀ ń fi mú ara móoru lọ́dún. Therm 42 ló máa dín, bíi dọ́là 50. Ọgbọ̀n ọdún ni yóò fi dá dọ́là 1,500 padà, fọ́nẹ́sì náà á sì ti kú ní ìdajì ọ̀nà tàbí díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà, bí àbúrò yín ní Texas bá pè pé 80 lòun rà, ẹ má bá a jà. Ìmọ̀ràn tó dára ní ìlú kan lè jẹ́ ìfowóṣòfò ní òmíràn.

Ìjọba náà lọ́wọ́ sí ọ̀rọ̀ yìí. Láti 1992, fọ́nẹ́sì ilé kò gbọdọ̀ kéré sí 78. Ní 2015, wọ́n gbé e sókè sí 80. Ní ìparí 2023, ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ agbára gbé ìlànà jáde pé èyí tí wọ́n bá ṣe láti ìparí 2028 gbọ́dọ̀ tó 95. Ní ti ẹ̀dínwó owó-orí tó tó dọ́là 600 fún ẹni tó bá ra fọ́nẹ́sì 97, òfin tí wọ́n buwọ́ lù ní ọjọ́ 4 oṣù Agẹmọ ọdún 2025 ti fòpin sí i fún ohun tí wọ́n bá gbé kalẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀pẹ ọdún náà. Agbaṣẹ́ṣe tó bá ṣì ń fi owó yẹn polówó ọjà fún yín, ẹ ṣọ́ra fún un. Ṣùgbọ́n ẹ pe ilé-iṣẹ́ gáàsì tiyín, ì báà jẹ́ Peoples Gas nínú ìlú tàbí Nicor Gas ní ìgbèríko, kí ẹ béèrè bóyá ẹ̀dínwó wà lọ́wọ́ wọn.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìwọ̀n, torí ibẹ̀ ni owó wa ti ń ṣòfò jù. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. BTU ni wọ́n fi ń wọn agbára fọ́nẹ́sì. BTU kan ni ooru tó lè fi dígírì Fahrenheit kan kún ìgbóná omi tó wúwo tó pọ́ùn kan. Ẹ ó rí i lára pátákó kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ inú ẹ̀rọ: 40,000, 60,000, 80,000, 100,000, 120,000. Àwọn èèyàn wa fẹ́ràn ńlá. A rò pé bí ó bá ti tóbi tó ni ara wa yóò ti móoru tó. Agbaṣẹ́ṣe tí kò fẹ́ kí wọ́n pe òun padà pé ilé tutù náà á gbé ńlá wá. Ẹlòmíràn kàn máa ń ka nọ́ńbà ara èyí tó kú, á mú irú rẹ̀ gan-an wá, láì bèèrè ẹni tó wọn ìyẹn nígbà àkọ́kọ́.

Ẹ wo àwọn ilé bíríkì tí wọ́n ń pè ní bungalow ní ìlú yìí. Nǹkan bí 80,000 ló wà, láàárín 1910 sí 1940 ni wọ́n kọ́ wọn, púpọ̀ nínú wa ló sì ń gbé inú wọn. Nígbà tí wọ́n kọ́ wọn, èédú ni wọ́n ń dá, fèrèsé wọn ń jo atẹ́gùn, kò sì sí nǹkan kan lórí àjà tó ń dá ooru dúró. Láti ìgbà náà, ẹni kan ti pààrọ̀ fèrèsé, ẹlòmíràn ti da òwú sórí àjà. Ilé tó ń fẹ́ ooru púpọ̀ láyé ọjọ́un kò fẹ́ tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Síbẹ̀, fọ́nẹ́sì 120,000 ni mo ń bá níbẹ̀, wọ́n sì fẹ́ fi 120,000 mìíràn rọ́pò rẹ̀.

Fọ́nẹ́sì tó tóbi ju ilé lọ kì í mú ara tu onílé. Á tan, á jó fún ìṣẹ́jú díẹ̀, á pa. Kò pẹ́, á tún tan. Yàrá tó sún mọ́ ọn á gbóná, ti òkè lẹ́yìn á sì tutù, torí pé ẹ̀rọ náà ti pa kí ooru tó débẹ̀. Ọ̀nà afẹ́fẹ́ ilé kò gba ohun tó ń fẹ́, nítorí náà ariwo á pọ̀, ooru á há sínú ẹ̀rọ, swíìṣì ààbò á máa pa á. Àpò irin á máa fẹ̀, á máa sún, lójoojúmọ́, títí yóò fi sán. Ẹni tó ra ńlá sanwó ńlá lẹ́ẹ̀kan, ó tún ń sanwó àtúnṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀nà kan wà tí ẹ lè fi mọ ohun tí ilé yín nílò, kò sì ní ná yín ní kọ́bọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí òtútù bá mú gan-an, tí ìta wà ní nǹkan bí òdo Fahrenheit, ẹ má fọwọ́ kan tẹ́mọ́sítàtì. Ẹ fi aago ka iye ìṣẹ́jú tí fọ́nẹ́sì fi jó nínú wákàtí kan. Ká ní 120,000 tó jẹ́ 80 lẹ ní, ohun tó ń wọ inú ilé jẹ́ 96,000. Bí ó bá jó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nínú wákàtí náà, tí ilé sì móoru bó ṣe yẹ, 48,000 ni ilé yín gbà. Fọ́nẹ́sì 60,000 tó jẹ́ 96 ń fúnni ní 57,600. Ó tó, ó sì ṣẹ́kù fún òru tó bá burú ju ìyẹn lọ. Ẹ kọ nọ́ńbà yìí sílẹ̀, kó wà lọ́wọ́ yín kí agbaṣẹ́ṣe tó dé.

Kì í ṣe pé kí ìyẹn dípò iṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe o. Ìṣirò tí àwọn oníṣẹ́ ń lò ni Manual J. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é yóò wọn yàrá, yóò ka fèrèsé, yóò wo ibi tí wọ́n kọjú sí, yóò gun òkè àjà lọ wo òwú ibẹ̀. Ẹni tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà béésímẹ́ǹtì, tó wo fọ́nẹ́sì yín fìrí, tó kọ iye owó, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ pe ẹlòmíràn. Mo sì gbà yín níyànjú pé kí ẹ dí ihò tó wà lórí àjà àti etí ìpìlẹ̀ ilé, kí ẹ da òwú kún ti àjà, kí ẹ tó ra fọ́nẹ́sì rárá. Owó ibẹ̀ kéré, ó sì lè mú kí fọ́nẹ́sì tí ẹ máa rà kéré sí i.

Ní ti orúkọ ara ẹ̀rọ, ẹ fọkàn balẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe Carrier, Bryant àti Payne, tó tún ń ṣe Heil, Tempstar àti Comfortmaker. Trane àti American Standard, ọmọ ìyá ni wọ́n. Rheem àti Ruud náà bẹ́ẹ̀. Daikin ti Japan ra Goodman ní 2012, ó sì ní ilé-iṣẹ́ ńlá kan nítòsí Houston. Orúkọ tó gbajúmọ̀ nínú ìpolówó a máa wọ́n ju àbúrò rẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ohun tó wà nínú wọn a sì máa jọra gan-an. Bí owó bá há, ẹ ra àbúrò.

Agbaṣẹ́ṣe tún máa bi yín bóyá ẹ fẹ́ èyí tí iná rẹ̀ ní ìpele kan, méjì, tàbí èyí tó ń lọ sókè sódò fúnra rẹ̀ bí òtútù bá ṣe rí. Èyí tó kẹ́yìn yìí dára, ilé á móoru lọ́gbọọgba, kì í sì í pariwo. Ṣùgbọ́n pátákó iná inú rẹ̀ àti ẹ̀yà ara rẹ̀ wọ́n, kì í sì í ṣe gbogbo oníṣẹ́ ló lè tún un ṣe lóru ọjọ́ Àìkú. Fún ẹni tó ń ṣọ́ owó ná, mo máa ń sọ pé kó mú ìpele kan tó bá ìwọ̀n ilé mu. Bí owó díẹ̀ bá ṣẹ́kù, kó mú ìpele méjì.

Ohun kan wà tí wọn kì í sábà sọ fún onílé títí iṣẹ́ fi máa bẹ̀rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́, fọ́nẹ́sì àti ẹ̀rọ tó ń gbóná omi jọ ń lo ṣímínì kan náà ni. Bí ẹ bá ra 96 tó ń gba páìpù oníke jáde, ẹ̀rọ omi á ku òun nìkan nínú ṣímínì ńlá náà. Èéfín rẹ̀ kéré, kò lè mú ṣímínì gbóná, nítorí náà kò ní lè gun òkè dáadáa. Omi á máa sẹ̀ sára bíríkì, yóò máa jẹ ẹ́. Nígbà mìíràn èéfín á yí padà wọlé. Wọ́n ní láti ti páìpù onírin tó kéré bọ inú ṣímínì náà, tàbí kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀rọ omi. Owó ni. Ẹ béèrè rẹ̀ kí ẹ tó buwọ́ lùwé. Ẹ tún béèrè ibi tí omi tó ń sẹ̀ láti inú fọ́nẹ́sì máa ṣàn sí, torí páìpù tó bá gba ibi tí òtútù ń wọ̀ á dì, fọ́nẹ́sì á sì pa.

Ẹ gba ìwé iye owó lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe mẹ́ta. Kí ìwé náà sọ nọ́ńbà irú ẹ̀rọ náà gan-an, BTU rẹ̀, AFUE rẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n máa ṣe lára ọ̀nà afẹ́fẹ́ àti ṣímínì, ẹni tó máa gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìlú, ẹni tó máa kó ògbólógbòó ẹ̀rọ lọ, àti ọdún tí wọ́n fi máa dúró lórí iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ẹ má tìtorí pé ìwé àṣẹ ń gba owó kí ẹ ní kí wọ́n fò ó. Olùyẹ̀wò tí ìlú bá rán wá ni ojú kejì tí ẹ ní. Apá ńlá nínú owó tí ẹ ń san ni iṣẹ́ ọwọ́, apá yẹn ni kò sì yẹ kí ẹ wá ẹ̀dínwó sí jù. Mo ti rí fọ́nẹ́sì olówó gọbọi tó ti bàjẹ́ láàárín ọdún díẹ̀ nítorí ọwọ́ tó gbé e kalẹ̀, mo sì ti rí èyí tó mọ níwọ̀n tó pẹ́ títí di ìgbà tí àwọn ọmọ ilé fi lọ sí yunifásítì.

Ìgbà ara là ń búra, ẹnìkan kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn. Oṣù Igbe, oṣù Èbìbí, tàbí oṣù Ọ̀wàrà ló yẹ ká ra fọ́nẹ́sì, nígbà tí iṣẹ́ kò wọ agbaṣẹ́ṣe lọ́rùn, tí a sì lè rò ó lọ rò ó bọ̀. Bí tiyín bá ti lé lógún ọdún, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wá èyí tó máa rọ́pò rẹ̀ nísinsìnyí tó ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ṣùgbọ́n bí ó bá kú lóru òtútù, ẹ má tètè gbà pé òkú ni. Ó lè jẹ́ fíltà ló dí. Ó lè jẹ́ ohun pẹlẹbẹ tó ń pọ́n yẹn ló sán. Èyí tí mo ń bá pàdé jù ni pé fọ́nẹ́sì á tan, iná búlúù á yọ, kò ní tó ìṣẹ́jú kan, á kú, á tún gbìyànjú. Ọ̀pá irin tín-ín-rín kan wà lẹ́nu iná, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ fún ẹ̀rọ pé iná ti ràn. Bí ìdọ̀tí funfun bá bò ó, kò ní mọ iná mọ́, ẹ̀rọ á sì ti gáàsì pa fún ààbò. Skúrù kan ni wọ́n fi dè é. Oníṣẹ́ á pa iná mànàmáná, á tú skúrù náà, á yọ ọ̀pá, á fi nǹkan tó le díẹ̀ nù ún títí yóò fi dán, á dá a padà. Nítorí irú ohun kékeré yìí, wọ́n ti ta fọ́nẹ́sì tuntun fún àwọn ìyá wa. Ó ń dùn mí gan-an.

Ẹni tó bá sọ fún yín pé àpò irin ti sán, kó fi hàn yín. Kó ya fọ́tò ibi tó sán. Òótọ́ lè ni, bó bá sì jẹ́ òótọ́, ẹ kò gbọdọ̀ tan fọ́nẹ́sì náà mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ pe ẹlòmíràn kó wá wò ó, kí ẹ yá híità oníná fún ọjọ́ méjì, kí ẹ sì jẹ́ kí omi máa kán tóótòó lẹ́nu ẹ̀rọ kí páìpù má baà dì. Bí èèyàn bá kan ilẹ̀kùn yín wá tajà, tí ẹ sì buwọ́ lùwé nínú ilé yín, òfin àpapọ̀ sábà máa ń fún yín ní ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta láti fagi lé e. Àwọn ará wa ní Ontario ti jẹ ìyà èyí ju tiwa lọ: àwọn tó ń tajà láti ilé dé ilé ti yá wọn ní fọ́nẹ́sì pẹ̀lú àdéhùn ọlọ́dún gbọọrọ, wọ́n sì ti fi ìdógò lé orí ilé wọn láì sọ fún wọn. Ìjọba ibẹ̀ fi òfin de títa fọ́nẹ́sì láti ilé dé ilé ní ọjọ́ 1 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2018, ní 2024 wọ́n sì fòpin sí irú ìdógò bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin tí owó kò sí lọ́wọ́ yín rárá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tijú. Ètò LIHEAP ti ìjọba àpapọ̀ wà láti 1981 láti bá ìdílé tí owó tó ń wọlé fún wọn kéré san bíìlì. Ní Illinois, ó tún ní apá tó ń tún fọ́nẹ́sì ṣe tàbí pààrọ̀ rẹ̀ fún onílé tó bá yẹ. Ètò mìíràn wà tó ń bá èèyàn dí ihò ilé, tó sì ń da òwú sórí àjà. Ní Cook County tiwa níbí, àjọ tí wọ́n ń pè ní CEDA ni ẹ máa lọ bá. Àwọn àgbà wa kan wà tí wọ́n ń fi ẹ̀wù òtútù sùn nínú ilé tí wọ́n fi gbogbo ayé wọn san owó rẹ̀, nítorí pé wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Ẹ̀yin ọmọ tó wà níbí, ẹ bá wọn kọ fọ́ọ̀mù náà.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ló kù. Ní Nàìjíríà, a ti gbọ́ nípa ìdílé tó tan jẹnẹrétọ̀ sí ẹ̀yìn fèrèsé tí wọn kò sì jí. Afẹ́fẹ́ carbon monoxide tó pa wọ́n, òun náà ni fọ́nẹ́sì tó bàjẹ́ tàbí ṣímínì tó dí ń mú jáde. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Gáàsì fúnra rẹ̀ kò ní òórùn tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn tí gáàsì bú gbàmù ní ilé-ìwé kan ní New London, Texas, ní ọjọ́ 18 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1937, tó pa nǹkan bí 300 èèyàn, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọdé, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi òórùn búburú yẹn sínú rẹ̀ níbi gbogbo. Ṣùgbọ́n iná ń jó òórùn náà dànù, nítorí náà imú yín kò lè gbọ́ carbon monoxide. Láti ọjọ́ 1 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2007, òfin Illinois ní kí ẹ̀rọ tó ń ké nígbà tí afẹ́fẹ́ yìí bá wà nílé wà láàárín ẹsẹ̀ bàtà 15 sí gbogbo yàrá tí èèyàn ń sùn. Bí owó fọ́nẹ́sì kò bá tíì pé, ẹ kọ́kọ́ ra ẹ̀rọ yìí. Bí ó bá ké, ẹ kó àwọn ọmọ jáde, kí ẹ pe 911 láti ìta.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá parí iṣẹ́, kí oníṣẹ́ tan fọ́nẹ́sì níṣojú yín, kó wọn ìgbóná afẹ́fẹ́ tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde, kó fi hàn yín pé ìyàtọ̀ wọn bá ohun tí wọ́n kọ sára pátákó mu. Kó fi ibi tí fíltà wà hàn yín. Fíltà tó tẹ́ẹ́rẹ́ ń fẹ́ ìpààrọ̀ láàárín oṣù kan sí mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, ẹ fi nọ́ńbà ẹ̀rọ náà sílẹ̀ lórúkọ yín lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Púpọ̀ nínú wọn fún yín ní ọjọ́ 60 tàbí 90 péré. Bí ẹ bá jẹ́ kó kọjá, ọdún mẹ́wàá tí wọ́n fi ń dúró lórí ẹ̀yà ara ẹ̀rọ sábà máa ń di márùn-ún. Ẹ lẹ ìwé gbogbo rẹ̀ mọ́ ara ọ̀nà afẹ́fẹ́ nínú béésímẹ́ǹtì, kí ẹni tó bá máa tún un ṣe lọ́la lè rí i.

Ẹni tó bá ní ìwé iye owó lọ́wọ́ báyìí, tàbí bíìlì gáàsì ọdún tó kọjá, kó gbé e wá sórí tábìlì iwájú yìí. Mo ní ẹ̀rọ ìṣirò lọ́wọ́, a ó jọ kà á lọ́kọ̀ọ̀kan.